Bí Káńsù Méjì Ṣe Lè Jọ Máa Tọ́jú Odò Kan

Ọdún 26 ni mo fi ka odò. Iṣẹ́ tí ìjọba gbà mí sí nìyẹn: kí n dé etí omi ní aago mẹ́fà àárọ̀, kí n wo ọ̀pá ìwọn tí wọ́n kàn mọ́ òpó afárá, kí n kọ ibi tí omi dé sínú ìwé, kí n sì padà wá ṣe bákan náà ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Bí òjò ń rọ̀, mo lọ. Lọ́jọ́ tí a sìnkú bàbá mi, mo ti ka ti àárọ̀ kí àwọn àna wa tó dé. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, Iléṣà ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ṣì ń wá mi wá: káńsẹ́lọ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, baálẹ̀ abúlé àwọn alóko kòkó. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: "Bàbá, òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń ba odò wa jẹ́, òkè lọ́hùn-ún kì í sì í ṣe ìpínlẹ̀ wa. Báwo la ṣe fẹ́ bá wọn sọ ọ́?"

Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni mo kọ síbí. Ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Kí ẹ tó bínú sí ẹni tó wà lókè yín, ẹ kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀. Ọ̀ṣun tí gbogbo wa mọ̀ yìí, Ìgèdè-Èkìtì ló ti sun. Ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá, ó dé Òṣogbo níbi igbó tí UNESCO kọ mọ́ ohun àjogúnbá aráyé ní ọdún 2005, ó dé Aṣẹ́jìrẹ níbi tí wọ́n ti ń fa omi fún Ìbàdàn, kó tó lọ wọ inú ọ̀sà ní ìhà Èkó. Àwa tí à ń pariwo pé Èkìtì wà lókè wa, àwa náà la wà lókè Òṣogbo, àwa la wà lókè Ìbàdàn. Nígbà tí àwọn tó ń wa góòlù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń fi omi fọ yẹ̀pẹ̀, tí Ọ̀ṣun pọ́n bí omi amọ̀, àwọn ará Òṣogbo ló ń bọ́ sétí odò tí wọn ò lè bù ú mu. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọwẹ́nà: tó bá kúrò lọ́dọ̀ wa, ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ń wọ̀. Ẹni tó bá ní èyí lọ́kàn kò ní ná ìka sí alága káńsù kejì nígbà tó bá dé ọ́fíìsì rẹ̀.

Ẹ fẹsẹ̀ rin odò náà

Ẹ má fi ìwé bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí igbó ò dí jù. Kí ènìyàn kan wá láti káńsù tiyín, kí ọ̀kan wá láti káńsù tòkè, kí ẹ mú apẹja kan, kí ẹ sì mú obìnrin kan tó ń rẹ gbàgúdá tàbí tó ń fọ irú létí omi. Ẹ má fi obìnrin yẹn sílẹ̀. Òun ló mọ ọjọ́ tí omi rùn, òun ló mọ oṣù tí ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un lẹ́yìn tó ti bọ̀ ọ́ sómi.

Bí ẹ bá ti ń lọ, gbogbo ibi tí nǹkan bá ti ń wọnú odò tàbí tí wọ́n ti ń gbé nǹkan jáde níbẹ̀ ni kí ẹ dúró: ibi tí odò kékeré ti dàpọ̀ mọ́ ọn, ibi tí tírélà ti ń kó iyanrìn, kòtò àwọn awakùsà, ilé ìpẹran, ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, ibi tí alóko kòkó ti ń ṣan pọ́ńpù tó fi fọ́n oògùn. Ẹ ya fọ́tò, kí fóònù fi ọjọ́ àti ibi tí ẹ wà sí i, kí ẹ sì kọ orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe ibẹ̀. Èyí ló dá wa dúró nígbà tí mo bá wọn rìn lẹ́ẹ̀kan. A wá odò kékeré kan fún bíi wákàtí kan tí a ò rí i, àṣé a ti dúró sínú rẹ̀ tipẹ́. Orúkọ tí a ń pè é lọ́dọ̀ wa kọ́ ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ tiwọn. Láti ọjọ́ náà, orúkọ méjèèjì la máa ń kọ sínú ìwé, tiwa lápá òsì, tiwọn lápá ọ̀tún.

Ẹni tó bá rò pé ààlà ìpínlẹ̀ jẹ́ nǹkan ńlá, kó lọ wo omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ìpele méje ni wọ́n ń kà sí i. Ọ̀pọ̀ èrò kì í kọjá ìpele kejì, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá gùn ún dé òkè pátápátá, ìhà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ló yọ sí, nílẹ̀ Èkìtì. Omi tó tutù sí ọ lára lọ́dọ̀ wa, ọ̀dọ̀ wọn ló ti ń bọ̀.

Ọ̀pá kan náà

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé jù nínú gbogbo ohun tí mo ń kọ.

Ìpàdé àkọ́kọ́ tí mo bá káńsù kan lọ lórí ọ̀rọ̀ odò, n kò ní dárúkọ odò náà nítorí àwọn tó wà níbẹ̀ ṣì wà láyé. Àwọn tiwa gbé fóònù kalẹ̀, omi inú fọ́tò pupa bí ilẹ̀pa. Àwọn tiwọn náà gbé tiwọn kalẹ̀, omi inú tiwọn mọ́ débi pé o ń rí òkúta nísàlẹ̀. Ariwo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta ọ̀sán, a ò tíì kúrò lórí fọ́tò. Alága tiwọn, ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ogójì ọdún, wá yíjú sí mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí pẹ́, ta ló ń parọ́ nínú wa?" Mo ní, "Alága, ẹnikẹ́ni ò parọ́. Ọjọ́ ọ̀tọ̀ lẹ ya fọ́tò, ibi ọ̀tọ̀ lẹ dúró sí. Ẹ jẹ́ ká ri ọ̀pá."

Ọ̀pá yẹn ló parí ìjà. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ wá pákó tó le, ìrókò tàbí apá, kó gùn ní mítà méjì. Ẹ kùn ún lọ́dà funfun, kí ẹ fi dúdú fa ìlà sí i ní sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ nọ́ńbà sí gbogbo ìlà kẹwàá. Ọ̀pá méjì ni kí ẹ ṣe, lọ́jọ́ kan náà, lọ́wọ́ káfíńtà kan náà, kí ẹ sì tẹ́ méjèèjì síra wọn kí gbogbo ènìyàn rí i pé ìlà bá ìlà mu. Ọ̀kan á lọ sókè ààlà, èkejì á lọ sísàlẹ̀. Ẹ kàn án mọ́ òpó afárá tó ní sìmẹ́ńtì, níbi tí omi ti ń lọ tààrà, tí kì í ṣe ibi tó ti ń yí. Kí òdo rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ibi tí omi máa ń fà dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó le jù lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oṣù kejì ọdún á dé, omi á wà nísàlẹ̀ ọ̀pá, ẹ ò ní ní ohun tí ẹ máa kọ.

Ẹ wá fi òòlù àti ìrin gbẹ́ àmì kan sára afárá náà tàbí sára àpáta tí ẹnikẹ́ni ò lè gbé. Ẹ wọ̀n ọ́n láti òdo ọ̀pá dé àmì náà, kí ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àgbàrá gbé ọ̀pá mi lọ. Lẹ́ẹ̀kíní, n kò tíì gbẹ́ àmì, nígbà tí a sì ri tuntun, a ò mọ̀ bóyá ibi tí ti tẹ́lẹ̀ wà gan-an la kàn án sí. Gbogbo ohun tí mo ti kọ láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn kò ṣe é fi wéra pẹ̀lú tuntun mọ́. Ó dùn mí títí di òní.

Kíkà rẹ̀ ò le. Omi máa ń mì. Ẹ wo ibi tó ga dé àti ibi tó wálẹ̀ dé, kí ẹ kọ àárín. Ohun tí ojú rí ni kí ẹ kọ. Bí ẹni tó ń kà á kò bá lè lọ lọ́jọ́ kan, kó fi ọjọ́ náà sílẹ̀ lófìfo. Kó má ṣe jókòó sílé kó ro ohun tí omi máa jẹ́, nítorí ọjọ́ tí káńsù kejì bá rí ẹyọ irọ́ kan nínú ìwé yín, gbogbo ìwé náà ti di irọ́ lójú wọn.

Mo fẹ́ sọ èyí tí mo ń gbé kiri lọ́kàn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan, òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n omi ń fà lára ọ̀pá mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó fà díẹ̀, lọ́jọ́ kejì ó fà gan-an, lọ́jọ́ kẹta òkúta tí n kì í rí àfi ní oṣù kejì yọrí síta. Mo kọ gbogbo rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ń tún afárá kan ṣe lókè, ní ìpínlẹ̀ kejì, wọ́n sì ti fi àpò iyanrìn sé omi. Lóru ọjọ́ kẹta, ibi tí wọ́n sé ya. Àwọn obìnrin abúlé wa ti rẹ gbàgúdá sétí omi, àpò 14, owó ilé-ìwé ọmọ wà nínú rẹ̀, owó àjọ wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, kò sí ẹyọ kan. Ọpẹ́ ni pé kò sí ènìyàn nínú omi lóru náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọ̀pá fi sọ ọ́ fún mi. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí kò sí ẹni tí wọ́n ní kí n máa sọ fún.

Nítorí náà, bí òjò bá ń rọ̀ tí omi ń fà, ẹnì kan ti sé e lókè. Kí ẹni tó ń ka ọ̀pá gbé fóònù lójú ẹsẹ̀. Kí àwọn méjèèjì tó ń kà á, tòkè àti tìsàlẹ̀, wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp kan pẹ̀lú akọ̀wé káńsù méjèèjì àti baálẹ̀ abúlé tó bá wà létí omi. Ohun mẹ́ta ni wọn á máa kọ láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́: iye tó wà lára ọ̀pá, àwọ̀ omi, bóyá òjò rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa fi àdúrà òwúrọ̀ àti ìpolówó ránṣẹ́ síbẹ̀. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí nọ́ńbà pàtàkì bá wọlé, ẹ fẹ́ kí ojú tètè rí i. Lẹ́yìn òjò ọdún kan, ẹ ó ti mọ ibi tí omi máa ń dé kó tó wọ oko. Ẹ fi ọ̀dà pupa sí ibẹ̀ lára ọ̀pá méjèèjì. Ó bá ti kan pupa lókè, WhatsApp ò tó mọ́, ìpè ni.

Ó yẹ kí orílẹ̀-èdè wa ti mọ èyí. Ìsédò Lagdo, tí Kamẹrúùnù kọ́ sórí odò Benue láàárín ọdún 1977 sí 1982, wà lókè wa. Wọ́n retí pé kí Nàìjíríà kọ́ tiwa sí Dasin Hausa ní Adamawa kó lè gba omi tí wọ́n bá tú sílẹ̀. A ò parí rẹ̀. Bí òjò bá pọ̀ jù tí wọ́n sì tú omi, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Ní ọdún 2012, ènìyàn 363 ló kú nínú omíyalé jákèjádò Nàìjíríà. Ní ọdún 2022, wọ́n lé ní 600. Òjò tó rọ̀ nílé wa náà wà níbẹ̀, kì í ṣe Lagdo nìkan, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú á ti kó ẹrù rẹ̀ gun òkè.

Ọsàn àti ìgò

Ọ̀pá ń sọ bí omi ṣe ga. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe pọ̀ tó, ọsàn ni kí ẹ rà lọ́jà. Ọsàn dára ju ewé lọ nítorí pé ó máa ń rì díẹ̀, afẹ́fẹ́ kì í sì í lè tì í kiri. Ẹ wọn mítà 10 létí odò níbi tó lọ tààrà, kí ẹnì kan ju ọsàn sí àárín omi lókè, kí ẹlòmíràn fi fóònù ka ìṣẹ́jú àáyá títí ọsàn yóò fi kọjá níwájú rẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀máàrún, kí ẹ mú èyí tó wà láàárín. Ká ní ó gba ìṣẹ́jú àáyá 20, mítà 10 pín sí 20 jẹ́ 0.5. Òkè omi máa ń sáré ju ìsàlẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.85, ó di 0.425. Ẹ wá wọn fífẹ̀ odò, ká ní mítà 6, kí ẹ ki igi bọ ibi márùn-ún láti mọ jíjìn rẹ̀, ká ní ó jẹ́ ìdajì mítà. Mẹ́fà lọ́nà ìdajì jẹ́ 3. Mẹ́ta lọ́nà 0.425 jẹ́ 1.275, ìyẹn ni pé líta 1,275 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí káńsù òkè bá fẹ́ fa omi fún ìlú wọn, nọ́ńbà yìí ni ẹ máa jọ jókòó tì, kì í ṣe "omi wa ti ń gbẹ".

Ìgò ni fún ẹrẹ̀. Ẹ bu omi sínú ìgò funfun kan náà, níbi kan náà, ní aago kan náà, kí ẹ gbé e kalẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, kí ẹ fi rúlà wọn ẹrẹ̀ tó bá rọ̀ sísàlẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé lè ṣe é, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n máa ṣe é.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, omi tó mọ́ kì í ṣe omi tó dára ní gbogbo ìgbà. Mákúrì tí àwọn awakùsà kan fi ń mú góòlù kò ní òórùn nínú omi, ojú ò sì lè rí i. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ló ń sùn sí, ibẹ̀ ló ti ń wọ ara ẹja, kó tó wọ ara ẹni tó jẹ ẹja. Ìlú Minamata ní Japan ni wọ́n fi sọ orúkọ àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí mákúrì ní ọdún 2013, nítorí ohun tí ẹja inú omi wọn fi ojú àwọn ènìyàn ibẹ̀ rí. Ní Zamfara, ní ọdún 2010, òjé tó wà nínú òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ nílé pa ọmọdé tó lé ní 400. Irú èyí, yàrá àyẹ̀wò yunifásítì ló lè rí i. Nígbà tí ẹ bá ń bu omi àti ẹrẹ̀ fún àyẹ̀wò, ẹ bù ú lójú àwọn méjèèjì, kí ẹ pín in sí ìgò méjì, kí káńsù kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀ lọ sí yàrá tó bá wù ú. Bí èsì bá jọra, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí kò bá jọra, ẹ jọ padà lọ bù ú.

Ta ló láṣẹ lórí kí ni

Èyí ò ní gùn, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kí ẹnikẹ́ni má baà fi òfin dẹ́rù bà yín. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 fi omi tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ bá kéde pé ó kan ju ìpínlẹ̀ kan lọ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ọwọ́ wọn náà ni ohun àlùmọ́ọ́nì wà. Òfin lílo ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. Ọjà, ilé ìpẹran, gọ́tà àti kíkó ìdọ̀tí, ti káńsù ni. Ẹ padà wo ohun tí ẹ kọ nígbà tí ẹ rin odò: púpọ̀ nínú rẹ̀ ni káńsù méjèèjì lè tún ṣe láìtọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Fún èyí tó kù, ẹ jọ kọ lẹ́tà kan, kí alága méjèèjì buwọ́ lù ú. Lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ ìpínlẹ̀ méjì lórí kì í sùn lórí tábìlì bí ti ẹnì kan ṣoṣo. Ní ààlà wa pẹ̀lú Èkìtì àti Oǹdó, àjọ àpapọ̀ méjì ni ẹ máa kọ ọ́ sí: àjọ odò Ògùn àti Ọ̀ṣun tó wà ní Abẹ́òkúta, nítorí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà lábẹ́ wọn, àti àjọ odò Benin àti Ọwẹ́nà tó wà ní Benin, nítorí Èkìtì àti Oǹdó wà lábẹ́ wọn. Bí ẹ bá kọ sí ọ̀kan láìkọ sí èkejì, wọn á ní kí ẹ lọ sọ́dọ̀ èkejì. Ní ti góòlù, òfin ìwakùsà ọdún 2007 ní kí ìgbìmọ̀ kan lórí kùsà àti àyíká wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ sí ti ìpínlẹ̀ méjèèjì. Àjọ tó ń wo omi odò Nàìjíríà, NIHSA, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ omíyalé jáde lọ́dọọdún, ẹ béèrè fún ti agbègbè yín. Òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn ti ọdún 2011 fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ méje láti dá yín lóhùn.

Lílọ bá wọn

Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó wà lókè, omi tó ti kọjá níwájú rẹ̀ ò yún un lára, kò sí ohun tó máa lé e wá. Ẹ má lọ ní ọwọ́ òfo. Ìjẹ̀ṣà ọmọ onílé obì, obì ò gbọ́dọ̀ wọ́n lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n obì nìkan kọ́ ni mo ń wí. Kí ni ẹ ní tí wọ́n nílò? Bóyá ọjà yín ni àwọn àgbẹ̀ wọn ń ná. Bóyá ọ̀nà tó gba oko wọn lọ wà lórí ilẹ̀ yín. Bóyá ẹ̀yin lẹ máa ra pákó ọ̀pá méjèèjì, tí ẹ ó sì máa san owó ọkọ̀ ẹni tó ń kà á lọ́dọ̀ wọn fún ọdún àkọ́kọ́.

Ẹ wo ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lórí odò Sẹ̀nẹ̀gàl ṣe. Mali, Mauritania àti Sẹ̀nẹ̀gàl dá àjọ OMVS sílẹ̀ ní ọdún 1972. Ilẹ̀ Mali ni ìsédò Manantali wà, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ ni ín. Iná tó ń ti ibẹ̀ jáde, Mali ń mú ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún, Sẹ̀nẹ̀gàl 33, Mauritania 15. Wọn ò pín in dọ́gba, ẹnikẹ́ni ò sì fi ìbínú kúrò. Nílé níbí, ìpínlẹ̀ mẹ́fà ní òkè ọya, láti Kano àti Plateau dé Yobe àti Borno, dá àpò owó kan sílẹ̀ ní ọdún 2006 fún odò Komadugu-Yobe tó ń ṣàn gba ọ̀dọ̀ wọn. Ohun tí ìpínlẹ̀ mẹ́fà lè ṣe, káńsù méjì lè ṣe é.

Etí odò ni kí ẹ ti ṣèpàdé, níbi ọ̀pá, lábẹ́ igi. Lóṣù yìí lọ́dọ̀ yín, lóṣù tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọba àti baálẹ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí ẹnu bá fẹ́ di ìjà láàárín Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, àgbà kan á sábà rántí Èkìtìparapọ̀: pé nígbà ogun Kírìjì, láti ọdún 1877, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà wà ní ibùdó kan náà, Ògèdèǹgbé Iléṣà ló sì ṣáájú wọn. Mo ti rí i tí ọ̀rọ̀ yẹn mú alága kan jókòó padà.

Ìwé àdéhùn yín, ojú ewé méjì ti tó. Ẹ kọ ibi tí ọ̀pá méjèèjì wà àti ẹni tó ń kà á. Ẹ kọ pé ẹnikẹ́ni kò ní sé omi tàbí tú u sílẹ̀ láìsọ fún ẹnì kejì, kí ẹ sì kọ iye ọjọ́. Ọjọ́ márùn-ún ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ, ti pàjáwìrì yàtọ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ipò, kì í ṣe ti ènìyàn: káńsù ló máa ni sím náà, ẹni tó bá wà lórí àga ló máa gbé e. Ẹ kọ ibi tí kíkó iyanrìn ti parí. Ẹ kọ pé alóko kòkó kò ní ṣan pọ́ńpù sínú odò, kí ẹ sì gbẹ́ kòtò tí wọ́n á máa ṣan án sí, nítorí òfin tí kò fún ènìyàn ní ibòmíràn tó máa lọ, wọn á rú u lóru. Ẹ kọ ẹni tó máa dá sí i bí ẹ bá jà, kí ó tó di ilé-ẹjọ́. Kí agbẹjọ́rò káńsù méjèèjì yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ káńsù, kí ẹnikẹ́ni má baà ní ẹ gba ẹ̀yìn òun.

Owó ló ń pa iṣẹ́ yìí ju ìjà lọ. Kì í ṣe owó ńlá: ọ̀dà, pákó, dátà fóònù, owó ọkọ̀ ẹni méjì. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta tí wọn ò bá san án, ẹni tó ń ka ọ̀pá á lọ sí oko rẹ̀, kò sì lẹ́bi. Ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé ìnáwó káńsù, lórúkọ tirẹ̀, kó má ṣe wà lábẹ́ "oríṣiríṣi". Bí wọ́n bá fi falẹ̀, ẹ ṣe bí àwọn baba wa Ọ̀ṣómàáló ṣe ń ṣe sí ẹni tó ra aṣọ láwìn: ẹ lọ lóṣọ̀ọ́ sẹ́nu ọ̀nà akápò, pẹ̀lú ọ̀yàyà, láìbú ẹnikẹ́ni, títí owó yóò fi jáde. Mo ti ṣe é, ọjọ́ mẹ́ta ló gbà.

Bí alága bá sì yí padà

Yóò yí padà. Ìbò á wáyé, ẹgbẹ́ òṣèlú míràn lè wọlé ní apá kan, ẹni tuntun á sì máa wo gbogbo ohun tí ẹni àná ṣe bí iṣẹ́ ọ̀tá. Mo ti rí ọ̀pá tí wọ́n fà tu nítorí pé orúkọ alága tó ti lọ wà lára rẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sára ọ̀pá.

Láàárín oṣù kìíní tí alága tuntun bá dé, kí akọ̀wé, baálẹ̀ àti obìnrin tó ń rẹ gbàgúdá lọ mú un wá sétí odò ní aago mẹ́fà àárọ̀. Ẹ má mú lẹ́tà dání. Ẹ fi ìlà hàn án lára ọ̀pá, ẹ fi ibi tí ọ̀dà pupa wà hàn án, kí ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tí omi kọjá ibẹ̀. Kó ka ọ̀pá fúnra rẹ̀. Kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà ọjọ́ náà sínú ìwé, kó buwọ́ lù ú, kí ẹ pe ẹni tó ń ka ti òkè lórí fóònù kó sọ tiwọn fún un, kó kọ ìyẹn náà sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ tó wá fún un ní àga.